Ìyá wa ń lo ọ́síjìn, àwọn ọmọ-ọmọ fẹ́ kí wọ́n bá àwọn lọ sí Disneyland ní Paris: ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 4, oṣù Ẹrẹ́nà)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wa láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí i rí.

Ìyá wa ti pé ọdún 67. Ẹja yíyan ni wọ́n fi tọ́ wa. Létí ọ̀sà ni wọ́n ti ń yan án láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ojú títí èmi náà fi lọ́mọ. Èéfín igi yẹn ni dókítà sọ pé ó ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. BPCO ni wọ́n pe àìsàn náà. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń lo ọ́síjìn, oksijẹ́ẹ̀nì bí a ṣe ń pè é níbí, lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí 16 lójúmọ́. Ẹ̀rọ ńlá tó ń lo iná ló wà ní yàrá wọn. Rọ́bà imú rẹ̀ gùn débi pé wọ́n lè gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n máa kí àwọn tó ń kọjá.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Créteil, lẹ́bàá Paris. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní àwọn ò lọ sí Disneyland bí ìyá àgbà ò bá lọ. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní ẹni tó bá gbé ìyá kúrò nílé fẹ́ pa wọ́n ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn lórí fóònù títí omijé fi bọ́. Ìyá wa gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọn ò dá sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pè mí sí yàrá: "Ilé aláràbarà tí wọ́n ń fi hàn mí nínú fóònù yẹn, ṣé ó jìn síbi tí bàálù ń balẹ̀ sí?"

Ẹni tí ò fẹ́ lọ kì í béèrè ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe irú rẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì, Kétu (ọjọ́ 4)

Ọmọ mi, má bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ohun tó sọ lèmi náà ì bá sọ. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé lọ sí Kútọnu láti wọ bàálù. Wọ́n gbé ìgò ọ́síjìn rẹ̀ dání, ìgò irin tó ga dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n dé pápákọ̀, wọ́n ní ìgò náà ò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn ọmọ ń bẹ̀bẹ̀, bàbá ń mí gulegule lórí ìjókòó, èrò ń wò ó. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gbé e padà sílé, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì wọgbó.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ rí ìyá àgbà wọn, ṣé àwọn ni ò lè wá? Ẹsẹ̀ tiwọn ló le.

Nọ́ọ̀sì Tokpota (ọjọ́ 5)

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa ìgò yẹn kò yà mí lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú irin ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kì í sábà gbà kí èrò gbé tirẹ̀ wọlé. Èyí tí wọ́n ń gbà ni ẹ̀rọ alágbèéká, tí èèyàn ń fi kọ́ èjìká. Kò sí ọ́síjìn kankan nípamọ́ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ló ń fà wọlé. Nínú 100, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yìí jẹ́ 21, náítrójìn jẹ́ 78. Asẹ́ kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń mú náítrójìn dúró, ọ́síjìn ló wá ń kọjá lọ sí imú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Nọ́ńbà 2 tó wà lójú ẹ̀rọ alágbèéká kì í ṣe lítà 2! Ẹ̀rọ ilé ń tú u jáde láìdáwọ́ dúró. Púpọ̀ nínú àwọn alágbèéká, ìgbà tí èèyàn bá fa èémí nìkan ni wọ́n ń tú u, pùf, pùf. Nọ́ńbà 2 ti ẹ̀rọ kan àti nọ́ńbà 2 ti òmíràn kì í sì í dọ́gba. Torí náà, ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ kàn gbé e kọ́ ìyá lọ́rùn. Ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí wọ́n fi rìn níwájú rẹ̀, kí wọ́n fi gun àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ béèrè ti òru náà. Ẹni tó ti sùn, èémí rẹ̀ lè fúyẹ́ débi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò ní mọ̀ pé ó mí.

Ohun kejì ni inú bàálù fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dà bí ti orí òkè tó ga ní mítà 1,800 sí 2,400. Òkè Sokbaro ní Atacora, tí wọ́n sábà máa ń kà sí èyí tó ga jùlọ nílẹ̀ wa, mítà 658 péré ni. Ara tó ń rí ọ́síjìn tó ní Àjàṣẹ́ lè má rí i tó níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi sábà máa ń kọ iye tó ju ti ilé lọ fún inú bàálù. Dókítà ni kó kọ ọ́ o. Ẹni tó ní BPCO, ọ́síjìn àpọ̀jù náà lè pa á lára. Ẹ má fi ìfẹ́ yí i sókè.

Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ (ọjọ́ 5)

Èmi fúnra mi ni mo ń lo ọ́síjìn, ọdún kẹta rèé. Ọmọ ọdún 61 ni mí. Ọmọ mi wà ní Florida ní Amẹ́ríkà, ó sì mú mi lọ sí Disney World tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, torí mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń jíròrò lé lórí bí ẹrù.

Bátìrì ni ìyà ìrìn-àjò yìí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú fẹ́ kí bátìrì tẹ́ ẹ gbé dání tó ìlọ́po kan ààbọ̀ wákàtí tí ẹ máa lò lókè. Láti Kútọnu sí Paris tó nǹkan bíi wákàtí 6 ààbọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí 10. Ẹ fi ti ìdúró ní pápákọ̀ kún un. Ẹ má gbé bátìrì sínú báàgì tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Ọwọ́ ni wọ́n ń gbé e sí, kí ẹ fi ìlẹ̀mọ́ bo ojú irin rẹ̀. Èyí tí agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá ju 100 Wh lọ, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọgbà, mo kọ àga oníkẹ̀kẹ́. Mo ní mi ò tíì di ẹni tí wọ́n ń tì. Kí ó tó di ọ̀sán, oòrùn ti mú, nọ́ńbà orí ìka mi ti já sí 86, ètè mi sì ti dúdú. Ọmọ mi ò bá mi jiyàn, ó kàn kúnlẹ̀ síwájú mi nínú èrò yẹn, ó ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Mo jókòó. Láti ìgbà yẹn ni mo tó rí ọgbà náà, torí ṣáájú rẹ̀ ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà nínú ọgbà tí wọ́n jẹ́ kí n ti sinmi, wọ́n sì jẹ́ kí a ki ẹ̀rọ bọ iná níbi tí a ti jẹun.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó lọ: afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rọ́bà jáde máa ń mú imú gbẹ, títí kó fi ṣẹ̀jẹ̀. Mo yọ òrí tí mo gbé láti ilé, mo fẹ́ fi pa á. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Òrí, àdín, fasilíìnì, gbogbo ohun ọlọ́ràá, ẹ má fi wọ́n sí imú tí ọ́síjìn wà. Iná máa ń tètè ràn níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀ sí, ọ̀rá sì ń ràn án lọ́wọ́. Ìpara tí wọ́n fi omi ṣe ni kí ẹ béèrè ní ilé egbòogi. Mo mọ bí àwọn ìyá wa ṣe fẹ́ràn òrí nígbà ọyẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí gùn.

Ọmọ Kétu ní Lyon (ọjọ́ 6)

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá Ṣábẹ̀ẹ́. Àbúrò Àjàṣẹ́, ti Faransé lèmi mọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin TGV wà nínú pápákọ̀ Charles de Gaulle gan-an. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ó ti gbé yín dé Marne-la-Vallée Chessy, ẹnu ọ̀nà ọgbà sì ni ibùdókọ̀ náà wà. Ẹ fi èyí dá ìyá lóhùn. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ṣí Disneyland yìí, aláìsàn kì í ṣe àlejò lójú wọn. Wọ́n ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Carte Priorité fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí tuntun lọ́wọ́ dókítà, kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀ lé e, kí ó jẹ́ lédè Faransé. Wọ́n ń yá èèyàn ní àga oníkẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ẹ ka ìlànà tí ọgbà kọ fún ohun ìṣeré kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ojú má bàa ti ọmọ níwájú ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń sáré gan-an tó ń já wálẹ̀ fìrì, ẹ gbàgbé wọn fún ìyá.

Fún físà, asúráńsì tó tó 30,000 yúrò ni wọ́n ń béèrè. Ẹ kà á dáadáa, púpọ̀ nínú wọn kì í sanwó fún àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Ẹ wá èyí tó kọ BPCO sínú ìwé pé òun gbà á. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹ̀rọ ńlá lọ fún aláìsàn nílé wà ní Faransé. Kí àbúrò yín bá wọn sọ̀rọ̀ kí ìyá tó dé, kí ẹ̀rọ òru ti wà ní Créteil dè wọ́n. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, 15 ni kí ẹ pè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ nígbà òtútù, òtútù Paris lè dí èémí ẹni tí ara rẹ̀ le.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kútọnu (ọjọ́ 6)

Ẹ má bínú o, èló ni ẹ̀rọ alágbèéká yẹn?

Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ (ọjọ́ 6)

Tèmi ju owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù mi lọ, àlọ àti àbọ̀. Àwọn kan ń yá èèyàn. Bí ìrìn-àjò bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yíyá ló dára.

Ìyá Ìbejì, Kétu (ọjọ́ 7)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọmọ mi kékeré ló kà á sí mi létí. Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ tẹnu yín. Ọmọ Àjàṣẹ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ń kú lọ lọ́hùn-ún, ta ni ó dúró tì wọ́n? Má fi ọ̀rọ̀ dídùn dá mi lóhùn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 7)

Màmá mi, èmi ni. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa jókòó sí lọ àti bọ̀. Mo bi ìyá wa ní ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí yìí gan-an, mi ò fi pamọ́ fún wọn. Wọ́n ní: "Ṣé ibi tí mo jókòó sí yìí ni ikú ò mọ̀?" Wọ́n ní kí n ka ohun tí bàbá Ṣábẹ̀ẹ́ kọ nípa àga oníkẹ̀kẹ́ sí àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 19, oṣù Igbe)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà ti gbà. Ó fi ẹ̀rọ alágbèéká dán wọn wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, nọ́ńbà 2 kò tó wọn, 3 ló gbé wọn dúró nígbà tí wọ́n ń rìn. Ó ti kọ ti inú bàálù sọ́tọ̀, ó sì kún fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, èyí tí wọ́n ń pè ní MEDIF. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni orúkọ ẹ̀rọ, iye tí wọ́n ń lò àti iye bátìrì. Ó ní tó bá ti wà lábẹ́ 90 lójú ẹ̀rọ orí ìka, kí wọ́n jókòó kí wọ́n sinmi.

Ohun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayọ̀ wa jẹ́. Ìyá wa ò fẹ́ràn báàgì dúdú tó bá ẹ̀rọ wá, wọ́n ní ó dà bí ti ọlọ́pàá. Mo gbé e lọ bá télọ̀ ní Ouando, ó fi àǹkárá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fẹ́ràn rán òmíràn, ó lẹ́wà gan-an ni. Wọ́n gbé e kọ́ lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ kan. Kò pé ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó gbóná bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Télọ̀ ti rán aṣọ bo ojú ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa afẹ́fẹ́! Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò sọ fún un. Ó ti tú u, ó fi àwọ̀n sí ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé aláìsàn gba ọ̀nà Kútọnu, ẹ wo inú búùtù ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé. Awakọ̀ tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní jálíkánì kpayò (epo bẹntiróòlù) méjì níbẹ̀. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, ó ní kò séwu. A wá ọkọ̀ mìíràn.

Nọ́ọ̀sì Tokpota (ọjọ́ 19, oṣù Igbe)

O ṣe dáadáa. Ẹ rántí sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, pé ẹ nílò àga oníkẹ̀kẹ́ ní pápákọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 23, oṣù Okúdù)

A ti lọ, a ti dé. Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà wọn báyìí, wọ́n ń sọ ìtàn fún ẹni tó bá kọjá.

Òru ni bàálù gbéra. Nígbà tí a ti lọ fún bíi wákàtí méjì, nọ́ńbà já sí 87. Àyà mi já. Mo yí ẹ̀rọ sí iye tí dókítà kọ, mo di ọwọ́ wọn mú, mò ń wo ìka yẹn. 88. 89. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà 91. Ìyá wa ò tilẹ̀ jí.

Ọjọ́ kẹrin la tó lọ sí ọgbà, kí ara wọn lè kọ́kọ́ balẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 ló gba iṣẹ́ ẹ̀rọ orí ìka lọ́wọ́ mi. Ó ń ka nọ́ńbà lédè Faransé, ìyá àgbà ní àwọn ò gbọ́, kó kà á bí ọmọ Àjàṣẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́ ọ: 92, méjìléláàádọ́rùn-ún. 88, méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó lé, tàbí ó dín. Wọn kì í dé 95 níbi tí "dín" tún ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọmọ náà mọ̀ ọ́n kíá. Tó bá ti pariwo "Ó lé!", a ń tì wọ́n lọ. Tó bá ní "Ó dín!", gbogbo wa á dúró síbi ibòji, kò sẹ́ni tó ń kùn. Dókítà ti sọ 90 fún mi lóṣù méjì ṣáájú, mo kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó ti wà nínú èdè wa bẹ́ẹ̀, pé orí àádọ́rùn-ún gan-an la ti ń yà á.

Wọ́n fún wa ní káàdì. Ohun ìṣeré kan wà tí òṣìṣẹ́ wo ẹ̀rọ, tó sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé kò ṣeé wọ̀. A ti kà á tẹ́lẹ̀, kò dùn wá. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní "it's a small world" ni wọ́n wọ̀, ó rọra ń lọ láàárín àwọn ọmọláǹgidi gbogbo orílẹ̀-èdè ayé tó ń kọrin. Pùf, pùf, ẹ̀rọ ń dún nínú àǹkárá búlúù lórí itan wọn. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo aṣọ ọmọláǹgidi kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ rà á. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní kí a tún padà wọ̀ ọ́.

A ò dúró de iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lálẹ́, nítorí èéfín rẹ̀. Ọmọ kejì sunkún díẹ̀. Ìyá àgbà ní èéfín ti gba tiẹ̀ lára àwọn, ó tó.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ló wá pàdé wa ní Kútọnu. Kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gba báàgì ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀ títí a fi dé ilé.

Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ (ọjọ́ 23, oṣù Okúdù)

Ẹ bá mi kí ìyá. Láàárọ̀ yìí tèmi wà ní mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

Ìyá Ìbejì, Kétu (ọjọ́ 24, oṣù Okúdù)

Ọmọ mi, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti gbé ọ́síjìn fún bàbá àwọn ìbejì níbí. Ìdílé wa ń ṣe ìgbéyàwó ní Èkó lóṣù Ọ̀pẹ, bàbá ní àwọn ń lọ. Ojú ọ̀nà la máa gbà, kì í ṣe bàálù. Iye bátìrì wo ni kí n wá?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́ 24, oṣù Okúdù)

Màmá mi, ẹ má ka ti ọ̀nà nìkan, ẹ ka ti ìdúró ní ẹnubodè náà, kí ẹ fi ìdajì lé e. Ẹ wá okùn iná tó ń ti inú ọkọ̀ gba agbára, ẹ̀rọ wa ní tirẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Kí dókítà kọ ìwé lédè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń bọ̀ ní Kétu lọ́jọ́ Sátidé, mo máa gbé báàgì àǹkárá yẹn dání kí télọ̀ yín lè wo ibi tí àwọ̀n wà.